Àgùntàn Tí Martha Ń Retí

Bí Dàmọ́lá bá ti yọ ní ìkóríta àdúgbò wọn ní Ìkòsí ni Martha á ti rí i. Orí àga onírọ́bà ni ọmọ náà máa ń dúró sí lẹ́yìn géètì kí ojú rẹ̀ lè tó ìta. Kì í kí i kú àbọ̀ mọ́. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í.

"Uncle, ṣé Lúlù ti dé?"

Dàmọ́lá á ní rárá, ó ku díẹ̀. Ọmọ náà á sọ̀ kalẹ̀, á gbé àga rẹ̀ wọlé, á lọ sọ fún ìyá ìyá rẹ̀ pé kò tíì dé, ó ku díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2006. Ohun tí ì bá máa dùn mọ́ Dàmọ́lá nínú ti wá di eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ ilé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wúwo, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí, á kí ẹni yẹn, á kí ẹni tí kò mọ̀ rí, kó ṣáà lè pẹ́ díẹ̀ sí i lójú ọ̀nà.

Ọ̀dọ́-àgùntàn inú géèmù kan tí kò tíì jáde ni Lúlù. Ó funfun bí òwú, ojú rẹ̀ tóbi rogodo, ó so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ ọrùn, ṣaworo kékeré kan sì wà lára rìbọ́ọ̀nù náà. Bó bá ń rìn, á máa ta gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bàtà wíwọ̀. Ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní kàféè ni Dàmọ́lá ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Kétu, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá ka ímeèlì wọn. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Helen, tí í ṣe ìyá Martha, rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní àbúrò òun ti hu irùngbọ̀n tán, iṣẹ́ darandaran ló wá kù. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń gbá géèmù. Helen ló tilẹ̀ fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá a lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó kìlọ̀ fún Dàmọ́lá pé bí àgùntàn ọ̀hún bá dé, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn òun.

Helen kò dúró dè é. Àìsàn tí a rò pé ibà lásán ni ló gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í jẹ́ kí ìyá rí sàréè ọmọ rẹ̀, nítorí náà Dàmọ́lá àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ni wọ́n lọ sin ín, ìyá wọn sì jókòó sílé láàárín àwọn obìnrin tó di í lápá mú.

Wọ́n ti yára gbé Martha, ọmọ ọdún méje, lọ sọ́dọ̀ ará ìjọ kan ní Ifákọ̀ kó má baà rí ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n mú un bọ̀, ìyá Helen fúnra rẹ̀, Màmá Ṣóbọ̀wálé, ló sọ fún un pé mọ́mì rẹ̀ ti rìnrìn-àjò lọ sí London. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. A kì í wo ọmọdé lójú ká sọ fún un pé ìyá rẹ kú. A ó ní ó re àjò; bó bá gbọ́n, á fúnra rẹ̀ mọ̀. Charles, bàbá ọmọ náà, tó ń ṣiṣẹ́ epo lójú omi lápá Port Harcourt, gbà bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Àwọn aládùúgbò náà gbà. Kódà olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé gbà. London di ìlú tí gbogbo wa mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àgùntàn ti wọ̀ ọ́ ni pé Martha rí àwòrán náà lára ògiri lọ́jọ́ kan, ó sì bèèrè ẹni tó jẹ́. Dàmọ́lá fẹ́ tù ú nínú. Ó ní ọ̀dọ́-àgùntàn inú géèmù tí àwọn ń retí ni, tí ìyá rẹ̀ re àjò, tó wá ń la igbó kọjá, tó ń la odò kọjá, tó ń wá a lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Martha tẹjú mọ́ àwòrán náà títí.

"Ṣé ó máa rí wọn?"

"Á rí wọn."

Ọmọ náà mi orí. Ó ní tí òun bá ti bá Lúlù rí mọ́mì ẹ̀, mọ́mì tòun náà á dé nìyẹn. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Òun àti ọkàn ara rẹ̀ ni wọ́n jọ dá májẹ̀mú náà, wọ́n sì fi èdìdì dì í.

Màmá gbọ́ pé àgùntàn ni, inú rẹ̀ dùn. Aṣọ fèrèsé ló ń tà nínú ọjà Kétu, obìnrin tí kì í jẹ́ kí àga tuntun wọlé láìgbàdúrà lé e lórí. Ìgbà tí Dàmọ́lá àti Helen ń gbá géèmù oníbọn, yàrá ni wọ́n máa ń sá wọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́-àgùntàn ha jẹ́ ohun tí Kristẹni lè kọ̀? Màmá mú àwòrán náà, ó gbé e sórí Bíbélì, ó ní kí Olúwa mú un wá ní àlàáfíà. Láti ìgbà náà ló ti ń fi í bẹ Martha kó jẹun. Ní òwúrọ̀, bó bá ń wẹ̀ ẹ́ fún ilé ìwé, á máa kì í:

"Àwẹ̀ró ọmọ Helen,
ẹyinjú ìyá àgbà,
ajíwẹ̀, ẹyẹ etí odò,
ọmọ tí í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́.
Jẹun, Àwẹ̀ró, kí o lókun nínú,
àgùntàn rẹ ń bọ̀ lọ́nà, kò ní í ṣìnà."

Inú oríkì yìí nìkan ni orúkọ Helen ṣẹ́kù sí nínú ilé náà.

Ọ̀rẹ́ Dàmọ́lá kan, Kelvin, tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Mende, wà ní London lẹ́nu ẹ̀kọ́. Òun ló ní òun máa mú géèmù náà bọ̀ bó bá ti jáde. Ó jáde lóòótọ́. Ọ̀sán ọjọ́ tó jáde, Dàmọ́lá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ní kàféè, ó ń ka ohun tí àwọn tó ti gbá a kọ nípa rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní abúlé àwọn àgùntàn náà rẹwà, pé òdòdó wà níbi gbogbo, pé orí ilé wọn dà bí olú. Ó tún kà síwájú. Wọ́n ní kí àwọn òbí ṣọ́ra. Wọ́n ní ìyá Lúlù ti kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pé gbogbo ará abúlé ló mọ̀, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti máa sọ fún un pé ó re àjò. Bó ṣe ń lọ ni òdòdó ń rọ, tí ojú ọ̀run ń dúdú, títí ó fi dé ibi tí sàréè wà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àgbà ni òun, òun sunkún bí ọmọdé.

Oníbàárà kan ń ké pe Dàmọ́lá pé kọ̀ǹpútà òun ti dákú, kò gbọ́. Ó ṣe é bí ẹni pé ẹnì kan ti yọ́ wọ ilé wọn ní Ìkòsí, ó wo gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó wá lọ fi ya àwòrán fún aráyé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gba ọjà lọ bá ìyá rẹ̀.

Màmá ń wọn aṣọ lọ́wọ́. Dàmọ́lá ní àgùntàn yẹn kò dáa fún Martha.

"Kí ló ṣe é? Ṣé ó máa ń jà ni?"

"Kì í jà, Màmá. Ìyá ẹ̀ ló ti kú. Àwọn ará abúlé ń sọ fún un pé ó rìnrìn-àjò."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí aṣọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún òyìnbó?"

Dàmọ́lá ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, bóyá àwọn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Màmá ní kó sọ fún Kelvin kó má mú un bọ̀. Dàmọ́lá ní Kelvin ti rà á, ó ti dì í sínú ẹrù. Màmá ní kí wọ́n wí fún ọmọ nígbà náà pé ó fọ́ lọ́nà. Dàmọ́lá sọ ọ́ fún un pé irọ́ kan ti wà nílẹ̀, òmíràn ni wọ́n tún fẹ́ gbé lé e lórí yìí, àti pé ọmọ náà ti so ìpadàbọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́ àgùntàn yìí, bí wọ́n bá fi falẹ̀ títí ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ náà ló máa dúró lórí àga lẹ́yìn géètì.

Màmá ká aṣọ náà, ó tú u, ó tún un ká.

"Dàmọ́lá, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ara mi. Tí ìwọ bá lẹ́nu ẹ̀, lọ sọ ọ́. Ṣáà má sọ ọ́ níbi tí mo wà."

Dàmọ́lá náà kò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú. Ó pe Martha sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó tì í, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ọmọ náà bi í pé ṣé odò tí Lúlù máa là kọjá jìn, ṣé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Dàmọ́lá ní ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá àgùntàn. Ó ń gbàdúrà pé kí bàálù Kelvin dé láyọ̀, ó sì tún ń bẹ Ọlọ́run nínú àdúrà kan náà pé kí ẹrù rẹ̀ sọnù sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí òun ṣe ń to irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dàmọ́lá ti pinnu pé òun máa lọ gba géèmù náà ní Mende fúnra òun. Kelvin kò dúró. Ọ̀sán Sátidé ló dé, ó wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wá tààrà. Nígbà tí Dàmọ́lá fi máa ti iṣẹ́ dé, àga lẹ́yìn géètì ṣófo. Ó sáré wọ pálọ̀. Martha jókòó lórí ilẹ̀, ó gbá páálí pẹlẹbẹ kan mọ́ àyà, Lúlù ń rẹ́rìn-ín lójú páálí náà. Kelvin ń mu kóòkì.

"Uncle Kelvin, ṣé ẹ rí mọ́mì mi?" Martha bi í.

"London tóbi gan-an, my dear. Mi ò dé apá ibi tí wọ́n wà."

Ọmọ náà wò ó, ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe máa ń mi orí nígbà tí ọlọ́jà bá búra fún un. Ó wá na páálí náà sí Dàmọ́lá. Dàmọ́lá gbà á. Ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé ojú ẹ̀rọ ti dọ̀tí, kò lè ka síídì mọ́, òun máa gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.

"Ẹ gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ láàárọ̀ yìí," ni Martha wí.

"Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló bàjẹ́."

Martha kò sunkún. Ìyẹn ló ba Dàmọ́lá lẹ́rù ju ẹkún lọ. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tí kò sunkún rárá, a kò mọ ohun tó ń rí.

Kí wọ́n tó jẹun alẹ́ ni wọ́n máa ń gbàdúrà nínú ilé náà, nígbà tí ojú ọjọ́ bá ń ṣe wíríwírí. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ yìí, Màmá dúpẹ́ lórí Kelvin tí Olúwa gbé lórí ìyẹ́ apá idì kọjá òkun. Ó fi Charles lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lórí omi tó wà. Ó fi Sister Damaris, ará ìjọ wọn tó lọ sí Kàdúná, lé E lọ́wọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Ó ní kí Martha wá fi oore-ọ̀fẹ́ parí rẹ̀.

Martha kò ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Màmá, ẹ gbàgbé ẹnì kan."

"Ta ni mo gbàgbé?"

"Mọ́mì mi. Ojoojúmọ́ lẹ máa ń gbàgbé wọn. Uncle Kelvin lọ London, ẹ gbàdúrà fún wọn. Wọ́n ń bọ̀, ẹ gbàdúrà. London náà ṣáà ni mọ́mì mi wà."

Ojú Dàmọ́lá là. Kò ronú kàn án rí. Nínú ìjọ wọn, a kì í gbàdúrà fún òkú. Ibi tí sàréè bá ti padé, ẹ̀bẹ̀ alààyè ti tán níbẹ̀. Màmá lè parọ́ fún ọmọdé nítorí ìfẹ́, ó lè parọ́ fún aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹni tó mọ̀ pé ó ti wà lọ́dọ̀ Rẹ̀. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bó bá ka orúkọ àwọn arìnrìn-àjò dé ibi tó yẹ kí Helen wà, á yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń yẹra fún etí kànga. Ó rò pé Ọlọ́run nìkan ló ń rí i.

"Ṣé kí èmi gbà á fún wọn?" Martha bèèrè. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó dijú, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀. "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàálù mọ́mì mi..."

"Dákẹ́." Ọwọ́ Màmá ti bo ọwọ́ ọmọ náà. "Dákẹ́, Àwẹ̀ró. Má sọ ìyẹn fún Ọlọ́run."

"Kí ló dé?"

Dàmọ́lá la ẹnu láti gbà á sọ. Màmá gbé ọwọ́ kan sókè sí i.

"Mọ́mì rẹ ò sí ní London."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Ó kú." Ohùn tó fi sọ ọ́ kéré, ó gbẹ, bí ìgbà tí sísọ́ọ̀sì bá kọ́kọ́ wọ aṣọ. "Helen kú, ọmọ mi. Ọmọ mi kú."

Martha wo Màmá, ó wo Dàmọ́lá. Ó bi wọ́n pé ṣé gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n ní gbogbo àwọn ló mọ̀. Ó bi wọ́n pé ṣé Aunty tó ń kọ́ òun nílé ìwé náà mọ̀. Wọ́n ní ó mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé e. Ó sunkún títí oúnjẹ fi tutù pátápátá, orí itan Màmá ló wà, Màmá náà ń sunkún, ó sì ń gbìyànjú láti kì í, ṣùgbọ́n "Àwẹ̀ró ọmọ Helen" nìkan lohùn rẹ̀ lè gbé, ó sì ń sọ ọ́ lásọtúnsọ.

Nígbà tí wọ́n ti ìsìn dé lọ́jọ́ kejì, Martha bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Dàmọ́lá. Ojú rẹ̀ wú.

"Uncle, ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́, àbí?"

Dàmọ́lá ní kò bàjẹ́. Ó mú un jókòó, ó sì sọ gbogbo ohun tó kà ní kàféè fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́: pé ìyá Lúlù náà kú, pé wọ́n parọ́ fún un, pé kò ní í bá a láàyè. Ó ní kò pọn dandan kó gbá a. Ó ní àwọn lè fún ẹlòmíràn. Kò mọ̀ bóyá òògùn ni òun gbé dání tàbí májèlé.

"Mo fẹ́ rí i," ni Martha wí.

Dàmọ́lá gbé ẹ̀rọ náà sí pálọ̀. Màmá wá jókòó, gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Ó ní òun náà á wò ó, kí Dàmọ́lá máa túmọ̀ òyìnbó rẹ̀ fún òun. Martha gba pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì sí i. Abúlé náà yọ, ó rẹwà lóòótọ́, òdòdó ń mì lẹ́lẹ́, labalábá ń fò. Lúlù jí, ó na ara, ṣaworo rẹ̀ dún. Ó wá ìyá rẹ̀ nínú ilé, kò rí i. Ó jáde lọ kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Àgùntàn sísanra kan yọjú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá rẹ ti re ọjà iyọ̀, á dé láìpẹ́.

Dàmọ́lá túmọ̀ rẹ̀.

"Irọ́ ni," Martha sọ fún Lúlù. Ó wá yíjú. "Uncle, ṣé dandan ni kó bi gbogbo wọn?"

"Bí kò bá tíì bi gbogbo wọn, ọ̀nà igbó ò ní ṣí."

"Ó dáa."

Ó sì ń mú Lúlù lọ láti ilé dé ilé. Àgùntàn kan tó lo awò ojú ní ìyá rẹ̀ lọ kí ìbátan. Àgbò kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn ní òkè odò ló lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń fún un ní súìtì. Dàmọ́lá ń túmọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ti sọ̀rọ̀, orí Màmá á tẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ni Màmá pè é. "Foríjì mí."

Martha kò wẹ̀yìn. Ó fi eyín há ahọ́n.

"Ẹ dúró ná, Màmá. Ẹnì kan ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn."

Ilé tó kẹ́yìn abúlé ni. Ìyá àgùntàn arúgbó kan ló jáde, ó wé gèlè, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Lúlù, ó wolẹ̀, ó tún wo Lúlù. Orin abúlé tó ti ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kò tíì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Martha ti ka àtàǹpàkò lé pádì, kò tíì tẹ̀ ẹ́. Dàmọ́lá rí i pé èjìká ọmọ náà ti le gbagidi.

Màmá di apá àga mú. Ó fà súnmọ́ iwájú títí orúnkún rẹ̀ fi kan ẹ̀yìn Martha, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára arúgbó náà.

"Sọ fún un," ni Màmá wí.

Martha tẹ pádì.